Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: báwo ni kí a ṣe gbé owó ìnáwó lọ sí London?

Àbẹ̀kẹ́ Bódìjà

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin èèyàn mi. Èmi àti màmá mi ń lọ sí London ní ìparí ọdún yìí, lọ́dọ̀ àbúrò wọn tó ń gbé ní Lewisham. A máa lo ọ̀sẹ̀ mélòó kan níbẹ̀, a sì fẹ́ yà sí Paris fún ọjọ́ díẹ̀ kí a tó padà sílé. Físà méjèèjì ti jáde, tíkẹ́ẹ̀tì ti wà nílẹ̀. Owó tí a máa ná lọ́hùn-ún ni mi ò tíì mọ bí màá ṣe gbé. Kì í ṣe owó ọkọ̀ òfuurufú ni mò ń sọ o. Owó oúnjẹ, owó ọkọ̀ inú ìgboro, ọjà díẹ̀díẹ̀, ohun tí màmá bá rí tó wù wọ́n.

Màmá ní kí n lọ ra pọ́ùn lọ́wọ́ àwọn abókí ní Sábó, kí n rán an mọ́ inú aṣọ, ó parí. Àbúrò mi ọkùnrin ní tí mo bá gbójú lé káàdì náírà, ebi máa pa wá. Ọ̀rẹ́ mi kan níbi iṣẹ́ ní kí n ṣí káàdì dọ́là orí fóònù. Màmá tún ní pọ́ùn kan nínú àpótí, láti ìgbà tí wọ́n lọ síbẹ̀ lọ́jọ́ tó ti pẹ́. Bébà ni gbogbo rẹ̀, 10 àti 20. Wọ́n ní òun la máa fi wọ takisí láti pápákọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tó ń rin ìrìn-àjò, èwo ni kí n ṣe?

Ẹ̀gbọ́n Peckham

Àbúrò mi, ẹ kú ìmúra. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ti pọ́ùn inú àpótí, torí ọ̀pọ̀ àwọn ìyá àti bàbá wa ló ń gbé irú rẹ̀ bọ̀, tí ọlọ́jà á sì dá a padà fún wọn lójú gbogbo èèyàn.

Owó bébà England ti kúrò lọ́jà. Ti 5 pọ́ùn lọ ní oṣù karùn-ún 2017, ti 10 ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹta 2018, ti 20 àti 50 sì tẹ̀ lé wọn ní ọjọ́ 30 oṣù kẹsàn-án 2022. Èyí tí a ń ná báyìí ń yọ̀ lọ́wọ́ bí ọ̀rá, ó sì ní ojú kékeré kan tí èèyàn lè rí òdìkejì láti ibẹ̀. Kóìnì 1 pọ́ùn tó rí roboto náà ti lọ ní oṣù kẹwàá 2017; igun méjìlá ni tuntun ní. Tí ẹ bá rí àwòrán Ọbabìnrin Elizabeth lórí owó ọ̀rá, ẹ má bẹ̀rù, wọ́n ṣì ń ná an pẹ̀lú ti Ọba Charles tó jáde ní oṣù kẹfà 2024.

Owó màmá kò ṣòfò o. Bank of England kì í kọ owó tí òun fúnra rẹ̀ tẹ̀, bó ti wù kó pẹ́ tó. Ilé wọn wà ní Threadneedle Street. Ẹ mú pásípọ́ọ̀tù dání, ẹ tò sórí ìlà, wọ́n á pààrọ̀ rẹ̀ fún yín. Àwọn Post Office kan náà ń gbà á, tó 300 pọ́ùn fún ẹnì kan láàárín ọdún méjì. Ṣùgbọ́n kò lè san owó takisí lọ́jọ́ tí ẹ bá dé.

Ọ̀rọ̀ kejì ni bọ́ọ̀sì, ẹ fetí sí i dáadáa. Láti oṣù keje 2014 ni bọ́ọ̀sì London kò ti gba owó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni mọ́. Bí ẹ bá kó ẹgbẹ̀rún pọ́ùn dání, awakọ̀ kò ní gbà á. Káàdì báǹkì tí èèyàn ń fi kan ẹ̀rọ lásán, tàbí Oyster (káàdì tí wọ́n ń fi owó sí láti máa fi wọkọ̀ ní London), ni wọ́n ń lò. Ẹnì kọ̀ọ̀kan sì gbọ́dọ̀ ní tirẹ̀. Ẹ kò lè fi káàdì kan ṣoṣo wọlé fún ẹni méjì. Ẹ ra Oyster fún màmá. Àwọn ṣọ́ọ̀bù kékeré tó ní àmì rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà máa ń gba owó lọ́wọ́ láti fi kún un.

Nínú ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀, ẹ fi káàdì kan ẹ̀rọ nígbà tí ẹ bá ń wọlé, kí ẹ tún fi kàn án nígbà tí ẹ bá ń jáde. Bí ẹ bá gbàgbé ti ìjáde, iye tó pọ̀ jù ni wọ́n máa yọ. Ti bọ́ọ̀sì, ẹ̀ẹ̀kan péré ni, nígbà tí ẹ bá ń wọlé. Iye kan wà tí owó ọkọ̀ kì í kọjá lóòjọ́. Tí ẹ bá ti dé ibẹ̀, ẹ lè máa wọkọ̀ kiri láìsan kọ́bọ̀ mọ́, bí ẹ bá ṣáà ń lo káàdì kan náà. Káàdì yín àti fóònù tí ẹ fi káàdì náà sí, ẹni méjì ni ẹ̀rọ ń kà wọ́n sí, torí náà ẹ mú ọ̀kan kí ẹ dúró tì í.

Òṣìṣẹ́ Kántà

Ẹ kú iṣẹ́, Ẹ̀gbọ́n. Ẹ ti sọ ti ọ̀hún, ẹ jẹ́ kí n sọ ti ilé, torí báǹkì ni mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Èkó.

Àǹtí Àbẹ̀kẹ́, kí ẹ tó lọ bá abókí kankan, ẹ lọ sí báǹkì yín kí ẹ béèrè PTA, ìyẹn owó òkèèrè tí báǹkì ń ta fún arìnrìn-àjò. Òfin gbà kí báǹkì ta tó 4,000 dọ́là fún arìnrìn-àjò kan láàárín oṣù mẹ́ta-mẹ́ta. BTA ni ti oníṣòwò, ìyẹn jẹ́ 5,000. Ẹ̀yin méjèèjì lẹ lè béèrè fún un, màmá ní tiwọn, ẹ̀yin ní tiyín. Pásípọ́ọ̀tù, físà, tíkẹ́ẹ̀tì àti BVN ni wọ́n máa wò, ẹ ó sì kún ìwé tí à ń pè ní Form A. Kí orúkọ tó wà lórí tíkẹ́ẹ̀tì bá ti pásípọ́ọ̀tù mu o. Lẹ́tà kan péré ti dá ìwé padà lójú mi. Báǹkì kì í sì í ní dọ́là nílẹ̀ lọ́jọ́ gbogbo. Tí ẹ bá fi dúró di ọ̀sẹ̀ tí ẹ máa lọ, ó lè má bọ́ sí i.

Ní oṣù kejì 2024, CBN, báǹkì àpapọ̀ Nàìjíríà, pàṣẹ pé kí báǹkì má ka PTA àti BTA sí oníbàárà lọ́wọ́ mọ́, pé orí káàdì tàbí irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ ni kí wọ́n máa san án sí. Àwọn oníbàárà ń bínú sí wa lórí rẹ̀. Èmi gbà pé ó dára bẹ́ẹ̀. Tí káàdì bá sọnù, ẹ ó tì í pa láti orí fóònù, owó yín ṣì wà nínú rẹ̀. Owó tó bá já bọ́ lápò ti lọ nìyẹn.

Ti káàdì náírà: àbúrò yín kò parọ́, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ti yí padà. Ní 2022 ni àwọn báǹkì dín iye tí káàdì náírà lè ná lókè òkun kù sí 20 dọ́là lóṣù, nígbà tí ọdún yẹn sì fi máa parí, ọ̀pọ̀ ti pa á pátápátá. Ní 2025, àwọn báǹkì kan tún ṣí i. Iye tí báǹkì kọ̀ọ̀kan gbà yàtọ̀ síra, ti ATM sì lè yàtọ̀ sí ti ṣọ́ọ̀bù. Ẹ béèrè tiyín ní báǹkì kí wọ́n fi hàn yín. Ẹ fi sápò kí ó wà níbẹ̀ bí ti dọ́là bá kọ̀, ṣùgbọ́n ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé e.

Káàdì orí fóònù tí ọ̀rẹ́ yín sọ, orí íntánẹ́ẹ̀tì ló ti wúlò. Ẹ lè fi ra tíkẹ́ẹ̀tì Eurostar tó ń gbé èèyàn láti St Pancras lọ sí Paris. Ẹ kò lè kì í bọ ẹnu ATM. Tí ẹ bá fẹ́ ohun tó máa ṣiṣẹ́ lójú pópó, ẹ ṣí àkáǹtì dọ́là ní báǹkì yín, kí wọ́n fún yín ní káàdì rẹ̀ tó ṣeé dì mú. Bí báǹkì yín bá ní káàdì pọ́ùn, ìyẹn tún dára jù.

Ẹ dán an wò kí ẹ tó kúrò nílé. Ẹ yí PIN rẹ̀ padà ní ATM báǹkì yín, kí ẹ fi ra nǹkan kékeré lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ ọlọ́jà òkè òkun. Tí kò bá lọ, kántà wa ni ẹ ó ti yanjú rẹ̀, kì í ṣe ní iwájú olùtajà ní Oxford Street.

Èyí tó kù ló ń ba ìrìn-àjò jẹ́ jù lọ, àwọn èèyàn kì í sì í rántí rẹ̀. Nọ́ńbà OTP tí báǹkì ń fi ránṣẹ́ kí ẹ tó sanwó, orí síìmù Nàìjíríà yín ló ń wọlé sí. Tí ẹ bá yọ síìmù yẹn ní Heathrow tí ẹ fi ti Òyìnbó sí i, owó wà nínú àkáǹtì, ẹ kò sì ní rí i ná. Ẹ tan roaming, èyí tó ń jẹ́ kí síìmù yín ṣiṣẹ́ lókè òkun, kí ẹ tó kúrò ní Nàìjíríà, kí ẹ fi káàdì ìpè sórí rẹ̀. Fóònù tó ń gba síìmù méjì ló máa rọ̀ yín lọ́rùn jù. Kí ẹ sì sọ ọjọ́ tí ẹ máa lọ àti ibi tí ẹ ń lọ fún báǹkì, kí wọ́n má bàa rò pé olè ló ń ná owó yín ní London kí wọ́n ti káàdì pa.

Alhaja Gbági

Ẹ pẹ̀lẹ́ o, gbogbo yín. Aṣọ ni mò ń tà ní Gbági, Dubai ni mo ti ń rà á, mo sì máa ń lọ ṣe Umrah. Káàdì dára, mi ò bá yín jiyàn. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí ọmọ yìí lọ láìní owó lọ́wọ́. Mo dúró lẹ́yìn ọkùnrin kan nínú ṣọ́ọ̀bù ní Deira, ní Dubai, tí káàdì rẹ̀ kọ̀ jálẹ̀. Ó tì í bọ ẹ̀rọ, ó yọ ọ́, òógùn bò ó. Àwa tí a jọ wá láti Nàìjíríà la dá owó fún un tó fi rí oúnjẹ jẹ lọ́jọ́ yẹn. Ọ̀nà kan ò wọ ọjà.

Ẹni tó bá ń lọ sí Dubai tàbí Saudi, dọ́là ni kó gbé. Wọ́n so owó wọn mọ́ dọ́là: ríyàl 3.75 ni dọ́là kan láti 1986, dírámù 3.67 ni ní Dubai láti 1997. O mọ iye tó yẹ kí o gbà kí o tó wọ inú ṣọ́ọ̀bù ẹni tó ń ṣẹ́ owó. Ti London kò rí bẹ́ẹ̀. Tí o bá ra dọ́là ní Ìbàdàn, tí o tún lọ fi dọ́là ra pọ́ùn níbẹ̀, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n máa jẹ èrè lórí rẹ. Ọmọ mi, ra pọ́ùn tààrà, kí o ra yúrò díẹ̀ fún Paris.

Tó bá jẹ́ dọ́là lo fẹ́ gbà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, yẹ̀ ẹ́ wò. Gba 100 dọ́là tó ní okùn búlúù lára, irú èyí tó jáde ní 2013. Èyí tó ti ya, tí wọ́n kọ nǹkan sí lára tàbí tí wọ́n lu òǹtẹ̀ mọ́, dá a padà. Àwọn tó ń ṣẹ́ owó máa ń yọ nǹkan lórí owó orí kékeré ti àtijọ́ (èyí tí àwòrán orí tó wà lára rẹ̀ kéré), wọ́n sì máa ń yọ lórí 5 àti 10 dọ́là, bí ẹni pé kì í ṣe owó.

Má ṣẹ́ owó lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, ì báà jẹ́ ẹni tó ń kí ọ lórúkọ. Wọ ọ́fíìsì ẹni tó ní ìwé àṣẹ, mú ẹnì kan dání, ka owó náà fúnra rẹ kí o tó dìde, kí o gba rìsíìtì. Lẹ́yìn náà, pín in. Díẹ̀ nínú báàgì ọwọ́ fún ọjọ́ kan, èyí tó pọ̀ nínú ìgbànú owó lábẹ́ aṣọ, díẹ̀ lọ́wọ́ ìyá rẹ. Má kó o sínú àpótí tí wọ́n ń gbé sí ìsàlẹ̀ ọkọ̀ òfuurufú láé. Má sì rán an mọ́ aṣọ. Tí ẹ̀rọ ayẹ̀wò bá rí ohun tó dì nínú ìró, wọ́n á ní kí o tú u níbẹ̀.

Àdìó Houston

Alhaja, ẹ kú ọgbọ́n. Ẹ jẹ́ kí n fi kan kún un fún ẹni tó bá ń bọ̀ wá sí Amẹ́ríkà: dọ́là orí kékeré ṣì jẹ́ owó níbí. Ìjọba Amẹ́ríkà kò fi òfin pa dọ́là bébà kankan. Tí ẹnì kan bá ní irú rẹ̀ nílé tí àwọn abókí ń kọ̀ ọ́ tàbí tí wọ́n fẹ́ rà á ní ẹ̀dínwó, kó gbé e bọ̀ níbí. Báǹkì á gbà á ní iye tó wà lórí rẹ̀.

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà ní Dublin

Yúrò ni èmi ń ná lójoojúmọ́, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n sọ ti Paris, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ kan tó kan London náà.

Tí ẹ bá fẹ́ sanwó ní ṣọ́ọ̀bù tàbí gba owó ní ATM, ẹ̀rọ lè béèrè pé: ṣé kí a yọ ọ́ ní dọ́là, àbí ní pọ́ùn? Iye dọ́là á hàn gbangba, ó sì máa ń dà bí ẹni pé wọ́n ń ràn yín lọ́wọ́, torí ẹ ti mọ iye tó máa lọ. Ẹ má mú un. Ẹ mú owó ìlú tí ẹ wà: pọ́ùn ní London, yúrò ní Paris. Ẹni tó ni ẹ̀rọ náà ló ń dá iye ṣíṣẹ́ fúnra rẹ̀ nígbà tí ẹ bá mú dọ́là, ó sì ń fi èrè tirẹ̀ lé e lórí. Tí ẹ bá mú owó ìlú, Visa tàbí Mastercard ló máa ṣírò rẹ̀, ti báǹkì yín ló sì máa tẹ̀ lé e. Olùtajà lè tẹ̀ ẹ́ fún yín láìbéèrè. Ẹ máa wo ojú ẹ̀rọ kí ẹ tó tẹ PIN, kí ẹ ní kó dá a padà tó bá ti tẹ̀ ẹ́ sí dọ́là. Ẹ̀tọ́ yín ni.

Àwọn ATM aláràbarà tó wà lẹ́nu ọ̀nà àwọn ilé ìtura àti níbi tí àwọn arìnrìn-àjò pọ̀ sí ní Paris, ẹ yẹra fún wọn. Ẹ wá ATM tó wà lára ògiri báǹkì gan-an.

Ilé ìtura: ẹ béèrè kí ẹ tó gba yàrá iye tí wọ́n máa dì mọ́lẹ̀ lórí káàdì. Ọ̀rẹ́ mi kan dé ilé ìtura, wọ́n di owó ńlá mọ́lẹ̀ lórí káàdì tó ti fi owó sí tẹ́lẹ̀, owó náà kò tú sílẹ̀ títí tó fi kúrò ní ìlú náà. Wọn kò jí i o, ó padà sínú àkáǹtì lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, ṣùgbọ́n òun ló yẹ kó fi jẹun. Tí ẹ bá ní káàdì méjì, ẹ yọ̀ǹda ọ̀kan fún ilé ìtura, kí ẹ máa fi ìkejì ra oúnjẹ.

Àbẹ̀kẹ́ Bódìjà

Olúwa á bù kún yín. Mo ti ka gbogbo rẹ̀ sí màmá létí. Wọ́n dákẹ́ nígbà tí mo dé ibi tí bọ́ọ̀sì kò ti gba owó, wọ́n ní kí n tún un kà.

Mo tún ní ìbéèrè. Àbúrò màmá ní kí n má ra pọ́ùn púpọ̀, pé kí n san náírà fún àwọn tó ń kọ́lé fún wọn ní Ìbàdàn, wọ́n á sì fún wa ní pọ́ùn tí a bá dé. Ṣé ó burú? Èkejì: mélòó ló yẹ kí a mú lọ́wọ́? Alhaja ní kí n mú owó, Ẹ̀gbọ́n Peckham ní bọ́ọ̀sì kò gbà á.

Òṣìṣẹ́ Kántà

Láàárín ẹbí tó mọ ara wọn, ọ̀rọ̀ ìfọkàntán ni. Ẹ jọ fẹnu kò sí iye tí ẹ máa ṣẹ́ ẹ ṣáájú, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ lórí WhatsApp, kí náírà má bàa gòkè tàbí kó sọ̀ kalẹ̀ láàárín kan kó wá di ìjà. Ẹ gba rìsíìtì lọ́wọ́ àwọn tó ń kọ́lé.

Ohun tí mo fi ọwọ́ méjèèjì bẹ̀ yín pé kí ẹ má ṣe ni kí ẹ bá ẹni tí ẹ kò mọ̀ ṣe irú pààrọ̀ bẹ́ẹ̀, ẹni tó kàn kọ ọ́ sí inú ẹgbẹ́ WhatsApp pé òun ní pọ́ùn nílẹ̀. Ẹ ó san náírà, ó lè má san pọ́ùn. Tó bá sì san án, ẹ kò mọ ibi tí owó náà ti wá. Tó bá jẹ́ owó tí wọ́n fi jìbìtì gbà lọ́wọ́ ẹlòmíràn ló wọ àkáǹtì àbúrò màmá, báǹkì ọ̀hún lè ti àkáǹtì wọn pa, kí wọ́n sì máa dá wọn lẹ́bi ohun tí wọn kò mọ̀dí.

Ẹ̀gbọ́n Peckham

Èmi àti Alhaja kò jà. Mo kàn fẹ́ kí ẹ mọ ibi tí owó lọ́wọ́ ti wúlò níbí àti ibi tí kò ti wúlò. Ní ọjà Rye Lane tí ẹ ti máa ra iṣu àti ata, ní ibi tí wọ́n ti ń dirun, ní ṣọ́ọ̀ṣì tí màmá bá fẹ́ dá ọrẹ, ẹ máa nílò owó lọ́wọ́. Ní àwọn ilé oúnjẹ àti ibi ìtakọfí kan, wọ́n kọ ọ́ sẹ́nu ọ̀nà pé káàdì nìkan làwọn ń gbà. Kò sí òfin tó ní kí wọ́n gba owó lọ́wọ́ yín.

Lójú tèmi, 200 pọ́ùn tó fún ẹ̀yin méjèèjì láti fi bẹ̀rẹ̀, àti bíi 100 yúrò fún Paris. Ẹ jẹ́ kó jẹ́ 5, 10 àti 20. Ẹ má gba 50 lọ́wọ́ abókí. Àwọn ọlọ́jà níbí máa ń gbé e sókè wò sí ìmọ́lẹ̀, àwọn kan kì í tilẹ̀ gbà á. Tí owó bá tán, ẹ lọ sí ATM tí wọ́n kọ ọ́ sí pé ọ̀fẹ́ ni. Àwọn tó wà nínú ṣọ́ọ̀bù kékeré máa ń gba owó lórí rẹ̀, wọ́n sì gbọ́dọ̀ fi iye rẹ̀ hàn kí ẹ tó gbà á. Báǹkì yín ní Nàìjíríà náà á yọ tirẹ̀ nígbàkígbà tí ẹ bá gba owó, torí náà ẹ gba èyí tó máa tó yín lẹ́ẹ̀kan dípò kí ẹ máa gba 20 pọ́ùn lójoojúmọ́.

Ẹ má fi gbogbo nǹkan sórí fóònù o. Àwọn olè orí kẹ̀kẹ́ ń já fóònù gbà lọ́wọ́ èèyàn ní àárín ìgboro níbí, pàápàá ní Westminster àti Oxford Street. Wọ́n á gba ẹ̀gbẹ́ yín kọjá, ó ti lọ. Tó bá jẹ́ inú fóònù yẹn ni káàdì wà, tí síìmù tó ń gba OTP náà wà, tí kò sí káàdì mìíràn nínú báàgì, ẹ kò ní rí owó ọkọ̀ padà sí Lewisham. Káàdì kan lọ́wọ́ yín, ọ̀kan ní ilé àbúrò màmá. Nọ́ńbà tí ẹ máa pe ní báǹkì láti ti káàdì pa, ẹ kọ ọ́ sórí ìwé, kí màmá mú un dání.

Tọ́láwí Abẹ́òkúta

Mo kàn ń kà lẹ́bàá ọ̀nà ni. Ẹnikẹ́ni kò tíì sọ ti ẹnubodè. Mélòó ni èèyàn lè gbé jáde kí wọ́n tó mú un?

Òṣìṣẹ́ Kántà

Ẹ ṣeun tí ẹ béèrè. Kì í ṣe gbígbé e ni ẹ̀ṣẹ̀, pípa á mọ́ ni. Ní Nàìjíríà, tí owó tí ẹ mú dání bá ti ju 10,000 dọ́là lọ, tàbí iye tó bá a mu ní owó mìíràn, ẹ gbọ́dọ̀ sọ fún àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù. Ẹni tí kò bá sọ, wọ́n lè gbé e lọ sílé ẹjọ́, ilé ẹjọ́ sì lè gba apá kan nínú owó náà. Amẹ́ríkà náà ní kí èèyàn sọ tó bá ju 10,000 dọ́là lọ. Ní England, láti 10,000 pọ́ùn ni. Tí ẹ bá jọ ń rìn bí ẹbí, wọ́n á ro ti gbogbo yín pọ̀, nítorí náà pípín in fún màmá kò yọ yín. Ní ilẹ̀ Yúróòpù, láti 10,000 yúrò ni. Saudi náà ní iye tirẹ̀, Alhaja á mọ̀ ọ́n.

Kò sí owó orí lórí sísọ ọ́. Wọ́n kàn fẹ́ mọ ibi tó ti wá. Ẹ mú ìwé báǹkì tàbí rìsíìtì ẹni tó ṣẹ́ ẹ fún yín dání, ìdí nìyẹn tí Alhaja fi ní kí ẹ gba rìsíìtì.

Àkànní Àjàṣẹ́

Ẹ kú àṣálẹ́ láti Àjàṣẹ́ (Porto-Novo). Àwa Yorùbá tó wà ní ìhà Benin náà ń rìnrìn-àjò, owó tiwa sì yàtọ̀. CFA 655.957 ni yúrò kan, kì í yí. Ìyẹn ló jẹ́ kí àwọn kan rò pé àwọn lè kó CFA dání lọ sí Paris kí àwọn ṣẹ́ ẹ níbẹ̀. Kò ṣeé ṣe bẹ́ẹ̀. Láti 1993 ni báǹkì àpapọ̀ wa, BCEAO, kò ti ra owó bébà CFA tó bá jáde kúrò ní àwọn orílẹ̀-èdè tó ń ná an padà mọ́. Ẹni tó bá máa gbà á lọ́wọ́ yín ní Paris, iye tó bá wù ú ló máa san. Ẹ lọ sí báǹkì ní Kùtọnu tàbí Àjàṣẹ́ pẹ̀lú tíkẹ́ẹ̀tì àti pásípọ́ọ̀tù, kí ẹ ra yúrò kí ẹ tó lọ. Àwọn ará Lomé náà, bẹ́ẹ̀ gan-an ni.

Ẹ̀yin ará Nàìjíríà tó ń gba Kùtọnu wọ ọkọ̀ òfuurufú, ẹ ṣẹ́ CFA tó bá kù lọ́wọ́ yín kí ẹ tó wọlé sí pápákọ̀.

Alhaja Gbági

Àbẹ̀kẹ́, nǹkan kan kù. Jókòó ti ìyá rẹ kí ẹ tó lọ, kí o kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń tẹ PIN, kí o sì bá wọn gba káàdì tiwọn ní báǹkì. Àwa àgbà kì í fẹ́ máa tọrọ owó lọ́wọ́ ọmọ ní gbogbo ìgbà tí a bá rí ohun tó wù wá nílẹ̀ àjèjì. Fi ìwọ̀nba owó sí i fún wọn. Bí wọ́n bá fẹ́ ra fìlà fún ẹ̀gbọ́n wọn tàbí bàtà fún ọmọ ọmọ, kí wọ́n yọ káàdì tiwọn jáde kí wọ́n sanwó. Ara wọn á balẹ̀, ìwọ náà á gbádùn ìrìn-àjò rẹ.

Àbẹ̀kẹ́ Bódìjà

Alhaja, mo gbọ́, ẹ ṣé gan-an. Ọ̀la ni màá mú wọn lọ sí báǹkì. Ìbéèrè mi tó kẹ́yìn: tí owó bá kù lọ́wọ́ wa nígbà tí a bá ń bọ̀ ńkọ́?

Ẹ̀gbọ́n Peckham

Owó ọ̀rá, ẹ gbé e bọ̀ wálé, ẹ lè san án sínú àkáǹtì pọ́ùn tí ẹ bá ní ọ̀kan, tàbí kí ẹ tọ́jú rẹ̀ sínú ìwé tó gbẹ. Kóìnì ni ẹnikẹ́ni kò ní bá yín ṣẹ́, ní London àti ní Sábó. Lọ́jọ́ tó ṣáájú ọjọ́ tí ẹ máa lọ, ẹ kó gbogbo kóìnì yín lọ sí ẹ̀rọ tíkẹ́ẹ̀tì ní ibùdókọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀, kí ẹ dà á sórí Oyster màmá. Owó orí Oyster kì í kú, ọdún mélòó ló wù kó pẹ́. Tí ẹ kò bá forúkọ sílẹ̀ lórí rẹ̀, ẹlòmíràn nínú ẹbí tó bá tún ń bọ̀ lè gbà á lọ́wọ́ wọn kó máa lò ó lọ.